Ṣé Ó Tọ́ Kí Ìjọba Sanwó fún Àgbẹ̀ tí Kò Ra Ìnṣọ́ránsì?

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Georgia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn àgbẹ̀ méjì kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ mọ́ láti ọdún 2019. Wọn kò jà nítorí ààlà ilẹ̀, wọn kò sì jà nítorí obìnrin. Owó tí ìjọba san fún ọ̀kan ló ń dun èkejì. Bí mo bá lọ kí ọmọ mi, mo máa ń jókòó ti àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ oko kì í sú mi. Òṣìṣẹ́ àgíríìkì ni mí ní Òkè-Ògùn kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń gun alùpùpù láti abà dé abà lọ kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ajílẹ̀ sídìí àgbàdo. Mo mọ bí ojú àgbẹ̀ ṣe ń rí láàárọ̀ ọjọ́ tó pàdánù oko.

Ìjì tí wọ́n ń pè ní Michael ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló gba etíkun Florida wọlé, agbára rẹ̀ sì ṣì pọ̀ gan-an nígbà tó dé Georgia. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjì tó le tó bẹ́ẹ̀ kò wọ ìpínlẹ̀ náà. Àkókò tó yàn ló burú jù. Òwú ti là, ó funfun lórí igi, ẹ̀rọ ìkórè nìkan ló ń retí. Èso pecan, tó fara jọ àsálà tiwa, ti ń múra àtijá bọ́. Atẹ́gùn gbọn òwú dànù sínú ẹrẹ̀, ó sì hú igi pecan tí bàbá àgbà ẹlòmíràn gbìn, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Pecan kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn máa tún gbìn tí òjò bá dé. Ẹni tó bá gbin òmíràn lónìí, ó lè tó ọdún méje tàbí mẹ́wàá kó tó rí èso tó tó tà.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ méjèèjì ń ra ìnṣọ́ránsì oko lọ́dọọdún. Èkejì kò rà. Nígbà tí owó ìjọba dé, èkejì gbà nínú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata rẹ̀ pé: “Alhaji, ọdún mélòó ni mo ti ń san owó yẹn tí nǹkan kan kò ṣe oko mi? Ọ̀gbẹ́ni yẹn ń fi tirẹ̀ gbọ́ bùkátà. Ìjì dé, ìjọba bá a san. Ta wá ni òmùgọ̀ nínú àwa méjèèjì?”

Kò sọ àsọdùn. Bí wọ́n ṣe ṣírò owó náà nìyí: ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì, wọ́n gbé ìdá 70 nínú 100 iye tó yẹ kí oko rẹ̀ mú wá kalẹ̀, ẹni tó ní, láti 75 títí dé 95, bí èyí tó rà bá ṣe nípọn tó. Wọ́n á wá yọ ohun tó ṣẹ́kù lóko kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà, wọ́n tún yọ owó tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti san fún un kúrò. Nítorí náà, sọ̀wédowó ìjọba tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbọ́n lè kéré sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àròpọ̀ ohun tó wọ àpò rẹ̀ pọ̀ jù. Ta ló máa ń wo àròpọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i?

Mùsùlùmí ni mí, ọmọ mi ti ṣe onígbàgbọ́ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, kò sì sí ìjà nínú ìyẹn nílé wa. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ wọn mo máa ń bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, màá jókòó sẹ́yìn tèmi ti fìlà mi. Lọ́jọ́ kan pásítọ̀ wọn wàásù lórí àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Ìwé Mátíù orí 25. Márùn-ún gbọ́n, wọ́n gbé òróró dání. Márùn-ún kò gbọ́n, àtùpà wọn fẹ́ kú lóru. Àwọn ọlọ́gbọ́n kò fún wọn ní ẹ̀kán kan. Wọ́n ní kí wọ́n lọ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà, kí wọ́n sì tó dé, ilẹ̀kùn ti tì. Mo rí àgbẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ yẹn níwájú, ó ń mi orí. Lójú tirẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo ní kí ọmọ mi bá mi ka orí náà tán. “Dádì, àbí ẹ̀yin náà fẹ́ di pásítọ̀ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kà á. Nínú orí 25 yẹn kan náà ni Ọba ti ń ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewúrẹ́, tó ń sọ fún àwọn tọ̀tún pé ebi ń pa òun, wọ́n bọ́ òun. Òun wà níhòòhò, wọ́n daṣọ bo òun. Kò síbi tí a ti wádìí ohun tó mú kí ebi máa pa á, tàbí ohun tó fi owó ṣe nígbà tó ní. Àwọn wúńdíá ń dúró de ọkọ ìyàwó. Ìmúrasílẹ̀ ọkàn ni wọ́n fi kọ́ni, èèyàn kò sì lè yá ẹlòmíràn ní ìyẹn. Oúnjẹ ṣeé fúnni. Ẹni tó bá fẹ́ fi orí 25 dájọ́, kó kà á dé ìparí.

Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá àgbẹ̀ tí kò ra ìnṣọ́ránsì wí yóò mú hádíìsì ràkúnmí jáde. Ọkùnrin kan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun, àbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun. Ànọ́bì ní kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́hun. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n hádíìsì mìíràn wà nínú àkójọ Muslim tí a kì í sábà gbọ́ lórí mínbárì, èyí tí Qabisa ọmọ Mukhariq gbà wá. Qabisa ti ṣe onídùúró fún àwọn kan, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó bá wá tọrọ. Ànọ́bì ní kó dúró kí sàká dé, ó sì sọ fún un pé èèyàn mẹ́ta péré ni títọrọ tọ́ sí: ẹni tó ṣe onídùúró, ẹni tí àjálù run dúkìá rẹ̀, àti ẹni tí òṣì ta, tí olóye mẹ́ta nínú àwọn èèyàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Ẹ wo ẹnìkejì yẹn dáadáa. Ẹni kẹta la ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. A kò ní kí ẹni tí àjálù bá mú ẹnikẹ́ni wá, nítorí gbangba ni àjálù wà, gbogbo ayé ló rí i. A kò sì ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé bóyá ó so ràkúnmí. Ó lè tọrọ títí yóò fi rí ohun tí yóò gbé ìgbésí ayé rẹ̀ dúró, kó wá dáwọ́ dúró. Gbólóhùn “títí” yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ẹ̀tọ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn tó ń takò irú owó ìjọba bẹ́ẹ̀ kò ní làákàyè. Ní ọdún 1887, ọ̀dá pa oko ní Texas, àwọn aṣòfin sì ní kí ìjọba fi 10,000 dọ́là ra irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ààrẹ Grover Cleveland, ọmọ pásítọ̀, kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Èrò rẹ̀ ni pé aráàlú ló yẹ kó gbé ìjọba ró, kì í ṣe ìjọba ló yẹ kó máa gbé aráàlú ró, àti pé irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń ba ìwà ọmọlúàbí jẹ́. Kí àwọn aládùúgbò ṣàánú ara wọn. Àwọn èèyàn sì dá owó fún Texas lóòótọ́. Ọ̀mọ̀wé James Buchanan, tí wọ́n tọ́ lóko ní Tennessee kó tó di ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, gbé e gba ọ̀nà mìíràn ní 1975, nínú àròkọ tó fi orúkọ ará Samáríà pè. Bí ẹni tó ń jìyà bá ti mọ̀ pé aláàánú kò ní lè wo òun níran, ó lè má ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Àánú á wá máa bí ìyà sí i.

Ìtàn Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí Buchanan. Láti 1938 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ìnṣọ́ránsì oko sílẹ̀. Ní 1994, lẹ́yìn tí odò Mississippi ti ya wọ oko lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú ètò ìjọba gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì, ó kéré tán èyí tó kéré jù. Àwọn àgbẹ̀ pariwo. Ní 1996 wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó tọwọ́ bọ̀wé pé bí àjálù bá dé, òun kò ní béèrè. Ní 1998 àjálù dé, ìbò sún mọ́lé, ìjọba sì tún sanwó fún àwọn tí kò ní ìnṣọ́ránsì. Òṣèlú kò ní etí tó fi ń gbọ́ ìwé àdéhùn nígbà tí àgbẹ̀ bá ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n.

Síbẹ̀ n kò lè bá wọn dá àgbẹ̀ èkejì lẹ́bi tán, nítorí ohun kan wà tí ẹni àkọ́kọ́ kì í sọ. Nínú gbogbo 100 dọ́là owó ìnṣọ́ránsì oko ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló ń san nǹkan bíi 60 níbẹ̀. Ó tún ń san owó iṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń tà á. Ọ̀gbẹ́ni yìí so ràkúnmí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó orí gbogbo wọn ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú okùn náà. Ó sì tún ní igbó igi ahóyaya, ó pọ̀ díẹ̀, èyí tí kò sí ìnṣọ́ránsì oko ìjọba fún. Michael ṣẹ́ ẹ bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná. Ní 2020 wọ́n gbé 347 mílíọ̀nù dọ́là fún Georgia lọ́tọ̀ nítorí ìjì yẹn, owó igi gẹdú wà nínú rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí sì forúkọ sílẹ̀ fún un. Mo bi í pé, “Ní ti igi yẹn, ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìwọ náà kọ́ ni wúńdíá tí kò gbé òróró?” Ó ní igi yàtọ̀. N kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́.

Èkejì ńkọ́? Aláwọ̀ dúdú ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Òwú àti ẹ̀pà ló ń gbìn, pẹ̀lú igi pecan díẹ̀ tó yí ilé ká. Ó ti ní ìnṣọ́ránsì rí, èyí tó kéré jù, tó jẹ́ pé owó fọ́ọ̀mù nìkan ló ń jáde lápò àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn kì í san ohunkóhun àfi tí oko bá pàdánù ju ìdajì lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ kó bí ìdá méjì nínú márùn-ún òwú rẹ̀ lọ lọ́dún kan, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ó ní òun kò ní máa tọ́jú ìwé tó máa ń yadi lọ́jọ́ tí òun bá pè é. Ṣé ó ṣìṣe? Ní ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni: ìwé yẹn ìbá ti sọ̀rọ̀ ní ọdún Michael. Ṣùgbọ́n mo ti bá àgbẹ̀ pẹ́ tó láti mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó bá ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í padà nítorí pé òṣìṣẹ́ ìjọba mú pákó ìṣirò dání.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ wọn burú ju tirẹ̀ lọ. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ló ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí. Bàbá àgbà ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ẹrú, ó kú láì ṣe ìwé ìhágún, ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àwọn kan ní Detroit, àwọn kan ní Philadelphia. Kò sẹ́ni tí èyí ṣe àjèjì sí nínú àwa tá a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà oko kò lè wọ ètò kankan, ẹni tí kò sì ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó ṣòro kó tó gba nọ́ńbà oko. Òfin oṣù Kejìlá ọdún 2018 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí wọ́n mú irú ẹ̀rí mìíràn wá. Ní 1920, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà lé ní 900,000. Lónìí wọn kò tó 50,000. Àwọn kan nínú wọn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹ̀yáwó tí wọ́n fi ń dù wọ́n, ẹjọ́ Pigford, ìjọba sì gbà láti san gbà-má-bínú ní 1999. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní yára béèrè ìdí tí àgbà yẹn kò fi lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn lọ́dọọdún.

Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà tó ní ẹnu láti fi báni wí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn Amish ni. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ní Pennsylvania àti Ohio ni wọ́n pọ̀ sí jù, ẹṣin ni wọ́n fi ń túlẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kì í ra ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Lójú wọn, ẹni tó bá rà á ti fi hàn pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run àti ìjọ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba owó ìjọba. Láti 1965 ni òfin ti yọ wọ́n kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì tí gbogbo Amẹ́ríkà ń dá: wọn kì í san, wọn kì í gbà. Bí abà ẹnì kan bá jóná, gbogbo wọn á tú jáde pẹ̀lú òòlù, abà tuntun á sì dìde. Àwa mọ ìyẹn, ọ̀wẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Àmọ́ ọ̀wẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé ẹnì kan bá jó. Ìjì bíi Michael máa ń wó ilé ẹni tó yẹ kó wá bá ọ ṣọ̀wẹ̀ pẹ̀lú, lóru kan náà, títí dé káńtì kẹwàá. Ibẹ̀ ni Cleveland kò ti rò ó jinlẹ̀ tó: aládùúgbò tó ní kó ṣàánú, òun náà wà nínú ẹrẹ̀.

Àwọn tó ń sin màlúù ní South Dakota rí irú ìyẹn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Ìjì yìnyín kan tí wọ́n ń pè ní Atlas dé láìtíì tó àkókò. Àwọn màlúù ṣì wà ní pápá ìgbà ooru, irun òtútù kò tíì hù lára wọn. Òjò kọ́kọ́ rin wọ́n gbingbin, yìnyín wá bò wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Ètò tí ìjọba fi ń san owó ẹran tó bá kú sínú àjálù ti tẹnu bodò láti 2011, àwọn aṣòfin kò sì tíì sọ ọ́ dọ̀tun. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba pàápàá wà ní títì lọ́sẹ̀ náà, nítorí wọn kò rí ìnáwó fọwọ́ sí ní Washington. Ẹni tó ka òkú màlúù rẹ̀ kò rí ẹni tó máa kà á fún. Àwọn ẹlẹ́ran láti ìpínlẹ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n ń kó abo màlúù wá bí ọrẹ. Oṣù Kejì ọdún 2014 ni òfin tó dé, ó sì padà sẹ́yìn láti san ti Atlas: ìdá 75 nínú 100 iye tí màlúù náà ń tà lọ́jà. Òfin yẹn kò béèrè ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ran. N kò sì tíì gbọ́ pé ẹlẹ́ran kan fi màlúù rẹ̀ sílẹ̀ nínú yìnyín torí pé ìjọba á san ìdá 75.

Àwọn àgbà wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé apá kejì òwe yẹn. Wọn kò ní ká má bá adìyẹ wí. Ìbáwí ń bẹ, ipò rẹ̀ nìkan ni wọ́n tò. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i pé owó Michael tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa ra ìnṣọ́ránsì fún ọdún ìgbìn méjì tó bá tẹ̀ lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dá owó náà padà tèlé-tèlé. Bàbá aláwọ̀ dúdú yẹn ti rà á. Èyí tó nípọn díẹ̀ ni wọ́n ní kó rà, ó sì ń kùn, ṣùgbọ́n ó rà á.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ẹni àkọ́kọ́ ni pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kí wọ́n san án. Kí ti ẹni tí kò rà kéré sí ti ẹni tó rà, kí ó sì hàn gbangba pé ó kéré, kí ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ má bàa rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n mú un rà á lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá tún kọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, tó lágbára rẹ̀, tí kò sì sí ìwé ilẹ̀ tó dí i lọ́wọ́, n kò ní bá a bẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí n kò rí àwíjàre fún ni ìdádúró. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ìjì jà. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni wọ́n tó buwọ́ lu òfin owó náà, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù. Àkókò gbígbin òwú ti wá, ó ti lọ. Ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì ti gba owó ti iléeṣẹ́ kó tó di ìgbà náà; ẹni tí kò ní ti yáwó èlé. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ti di ọmọ ìlú níbẹ̀, tẹ́ ẹ ń san owó orí, tẹ́ ẹ sì ń dìbò, nígbà tí aṣòfin yín bá tún wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí yín, ẹ bá wa bi í pé kí ló dé tí owó àjálù oṣù Kẹwàá fi gbọ́dọ̀ dúró di oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e.